Owó Ilé Èlé 6%: Bó Ṣe Ń Rìn, àti Ibi Tó Ti Ń Há Kó Tó Dé Abúlé

Láti ọdún 1992 tí òfin National Housing Fund ti jáde ní Nàìjíríà ni owó kan ti wà tí òṣìṣẹ́ lè yá kọ́lé láìsan èlé gọbọi. Federal Mortgage Bank, báńkì ìjọba, ló ń tọ́jú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ojúlówó owó oṣù rẹ̀, láìka àjẹmọ́nú, jẹ́ 100,000 náírà, 2,500 ni wọ́n ń yọ níbẹ̀. Àgbẹ̀, bíríkìlà, oníṣòwò náà lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn san án. Bí ó bá ti pé oṣù 6, ẹ̀tọ́ wà láti béèrè ẹ̀yáwó.

Kì í ṣe Federal Mortgage Bank fúnra rẹ̀ ló ń yá ẹni tó fẹ́ kọ́lé lówó. Báńkì kéékèèké tó ń yáni lówó ilé ló ń gba owó náà ní èlé 4%, tí yóò sì yá a jáde ní 6%.

Ibi tí àǹfààní rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Ká ní ẹnì kan yá mílíọ̀nù 5 láti san án fún ogún ọdún. Ní 6%, bíi 35,800 náírà ni yóò máa san lóṣù. Bó bá jẹ́ pé 25% ni báńkì mìíràn bù lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 105,000, nínú èyí tó bá sì san lóṣù àkọ́kọ́, ohun tó máa dín nínú gbèsè gan-an kò tó 1,000 náírà. Èlé ló jẹ ìyókù.

Kí ló wá dé tí owó yìí kì í fi í dé abúlé? Ilẹ̀ ni. Ilé tí wọ́n fowó náà kọ́ ni báńkì ń gbà ní ìdógò, torí náà wọ́n á béèrè C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fún onílẹ̀. Ní abúlé, ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù. Bàbá bàbá onílé ló dá oko síbẹ̀, pèrègún ààlà ṣì dúró, olórí ẹbí sì lè jẹ́rìí sí i. Gbogbo ará àdúgbò gbà pé òun ló ni ín, àmọ́ kò sí ìwé kankan tó lè fi síwájú báńkì.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún káńsù lágbára láti kọ̀wé fún ẹni tó ni ilẹ̀ abúlé, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dógò. Síbẹ̀, bí onígbèsè ò bá rí owó san mọ́, ta ni yóò ra ilé tó wà láàárín agbo ilé? Ẹbí ò ní gbà fún àjèjì, báńkì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó bá abúlé mu jù ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ á wá ilẹ̀ kan tí ìwé rẹ̀ pé, Federal Mortgage Bank á yá a lówó ìkọ́lé. Bí ilé bá parí, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba ẹ̀yáwó 6% tirẹ̀, èyí ni wọn ó fi san gbèsè ẹgbẹ́. Ó tún wúlò fún àgbẹ̀ kòkó, tí owó ńlá ń wọlé fún láti oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí báńkì ń retí tirẹ̀ lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ tó létò lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìkórè, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì máa bá a san án díẹ̀díẹ̀ títí kòkó mìíràn yóò fi pọ́n.