VS Code ní òun ò rí Git, ṣebí Git ti wà nínú ẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé VS Code tí wọ́n fi ń kọ kóòdù sórí láptọ́ọ̀pù mi, mo rí àmì Git, èyí tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tá a bá ṣe sí kóòdù, lápá òsì, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò rí Git. Ta ló wá gbé àmì yẹn síbẹ̀?

Ìdáhùn: VS Code náà ni o, àmọ́ àmì lásán ni. Git ò sí nínú VS Code, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju ẹni tó ń bá ẹ jíṣẹ́ fún Git lọ, tí Git fúnra ẹ̀ ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà ẹ, ta ló fẹ́ jíṣẹ́ fún? 2005 ni Linus Torvalds kọ Git fún àwọn tó ń ṣe Linux, 2015 ni Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé VS Code jáde, ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba. Lọ sí git-scm.com kó o gbé e wálẹ̀, tó o bá ti ínstọ́ọ̀lù ẹ̀ tán, pa VS Code kó o tún un ṣí, ibí yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Kó o sì fi git config --global sọ user.name àti user.email ẹ fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gba kọ́míìtì, ìyẹn àyípadà tó o ní kó tọ́jú, lọ́wọ́ ẹ.

Ìbéèrè: Àwọ̀ tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìlà ńkọ́?

Ìdáhùn: Àwọ̀ ewé, ìlà tuntun. Búlúù, ìlà tó o yí padà. Onígun mẹ́ta pupa kékeré, o ti yọ nǹkan níbẹ̀. Tẹ àwọ̀ náà, wàá rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Èyí tó ń dà mí lórí rú gan-an nìyí: mo fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ kọ́míìtì nínú VS Code, mo wá fi "code", àṣẹ tó ń ṣí VS Code, sí core.editor, ibi tá a ti ń sọ ohun tí Git máa ṣí fún wa láti kọ̀wé. Ó ṣí lóòótọ́, àmọ́ kí n tó tẹ lẹ́tà kan, Git ti ní "Aborting commit due to empty commit message".

Ìdáhùn: Hàá, èmi náà jìyà ẹ̀. Tí Git bá pe editor, ńṣe ló ń dúró, ìgbà tí ẹni tó pè bá padà dé ló máa gbà pé o ti kọ̀wé tán. Àmọ́ code tìẹ dà bí ọmọ tó o rán lọ ra ata, tó kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé "ìyá aláta, wọ́n ní kẹ́ ẹ wọn ata o", tó sì sáré padà wálé lọ́wọ́ òfo. Git wo ọwọ́ ẹ̀, kò rí nǹkan kan, ló bá pa iṣẹ́ tì. Kọ ọ́ báyìí:

git config --global core.editor "code --wait"

Ọmọ yẹn á dúró títí wọ́n á fi wọn ata. Ṣùgbọ́n o, tó o bá kọ ọ́ tán tó o sì séèfù, ó kù kó o pa táàbù yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo séèfù, mo ká ọwọ́ gbera, mò ń wo tẹ́mínà, mo rò pé ó ti há ni.

Ìbéèrè: Ṣé bọ́tìnnì tí mò ń tẹ̀ àti èyí tí mò ń kọ ní tẹ́mínà, ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kan náà ni. Ṣí Output, mú Git níbẹ̀, wàá rí gbogbo àṣẹ tó ń pa lẹ́yìn ẹ. Bí àpẹẹrẹ, Sync Changes yẹn, pull (kó iṣẹ́ àwọn tó kù wá pọ̀ mọ́ tìẹ) àti push (fi tìẹ ránṣẹ́) ló ń ṣe pa pọ̀, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́ táwa púpọ̀ jọ ń ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ fetch (kó tiwọn wálẹ̀ láì tíì pò ó mọ́ tèmi) kí n wo ohun táwọn tó kù ti ṣe ná.