Bí A Ṣe Ń Yẹ Àwòrán Ilẹ̀ Ogun Àtijọ́ Wò Kí A Tó Rà Á

Ẹni tó mọ àwòrán ilẹ̀ ogun àtijọ́ í kó jọ kì í kọ́kọ́ wo ogun tí wọ́n yà sí i. Ara bébà ló máa ń fi ọwọ́ pa ná. Orí bàbà pẹlẹbẹ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Afínbàbà a fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín odò, òkè àti ìlà àwọn ọmọ ogun sí i ní ìdàkejì, bíi ti inú dígí, a fi yíǹkì kún ojú fínfín náà, a nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò, a tẹ́ bébà tútù lé e, a sì tì wọ́n gba àárín rólà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ yìí le débi pé etí bàbà a rì sí ara bébà, ìka á sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àìsí àpá yìí nìkan kò sọ àwòrán di ayédèrú, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti gé etí rẹ̀ kí ó lè wọ inú férémù, ìwà ìbàjẹ́ gbáà.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ló ṣòro jù láti mọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1735 ní kí wọ́n fín orúkọ ẹni tó ni bàbà àti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà jáde sí i. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1776 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu odi Sullivan ní Charleston, ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ló wà lára àwòrán rẹ̀ tí William Faden tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ló gbé ìròyìn náà sọdá òkun. Ṣùgbọ́n bàbà ni ọjọ́ yẹn wà fún, kì í ṣe bébà. Bàbà lè pààrọ̀ ọwọ́, kí ẹni tó rà á ha orúkọ ti ìṣáájú kúrò, kí ó tún ìlà tó ti parẹ́ fín, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé bébà síwájú ìmọ́lẹ̀: bí ọdún 1801 bá hàn nínú àmì tí aṣebébà fi sí i, irọ́ ni kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìtẹ̀jáde 1776.

Àwòrán ìjà Bunker Hill ní Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1775, tó wà nínú ìwé ìtàn ogun òmìnira Amẹ́ríkà tí Charles Stedman gbé jáde ní 1794, tún ní ohun tirẹ̀. Wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọn, tí a lè ṣí bí ìdérí kí a lè rí bí ìjà ṣe yí padà lọ́jọ́ kan náà. Bébà yìí máa ń já sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ojú ilẹ̀ ìjà gan-an fínnífínní, bóyá àpá lẹ́ẹ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀, tí bébà tó yẹ kó bò ó kò sì sí mọ́.