Ilé Iṣẹ́ Ọtí Vaux ti Sunderland

Vaux jẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí bíà ní ìlú Sunderland, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cuthbert Vaux ló dá a sílẹ̀ ní 1837. Ní 1875 wọ́n kó o lọ sí orí òkè kan tó kọjú sí odò Wear, láàárín ìgboro, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi tì í pa ní oṣù Keje, 1999.

Nínú àwọn ọtí rẹ̀, Double Maxim ló lókìkí jù. Ní 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ pọn Maxim, láti fi kí Ernest Vaux, ọmọ ìdílé náà, káàbọ̀ láti ojú ogun Boer ní Gúúsù Áfíríkà. Ìbọn Maxim ni ikọ̀ ọmọ ogun tó kó sẹ́yìn ń yìn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fún ọtí náà. (Irú ìbọn yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kojú Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892.)

Ní 1927, Vaux dara pọ̀ mọ́ North Eastern Breweries. Ní 1972 ó ra ilé iṣẹ́ ọtí Ward's ti Sheffield. Bí àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń ṣe, ó ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí tirẹ̀. Ẹni tó bá háyà irú ilé bẹ́ẹ̀, ọtí onílé ni yóò máa tà, nítorí náà ọjà Vaux kì í kùtà. Títí di àwọn ọdún 1990, ẹṣin ńlá ńlá ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ tó kún fún àgbá ọtí la ìgboro kọjá lọ sí àwọn ilé ọtí tó wà nítòsí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Vaux wà láyà aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Sunderland.

Títì pa rẹ̀ ló dunni jù nínú ìtàn yìí, torí pé ilé iṣẹ́ náà ṣì ń jèrè. Vaux ti ní àwọn ilé ìtura tí wọ́n ń pè ní Swallow, àwọn olùdarí sì gbà pé ibẹ̀ àti ilé ọtí ni owó wà, pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ọtí pípọn. Frank Nicholson, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, kó àwọn kan jọ láti rà á kí iṣẹ́ má bàa dúró, ṣùgbọ́n àwọn olùdarí kò gbà fún un. Paul Nicholson, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ alága, fi ipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti Vaux àti Ward's pa lọ́dún kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn, ní ìlú tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn ti parí ní 1988, tí wọ́n sì ti ti kòtò èédú Wearmouth pa ní 1993. Swallow Group ni wọ́n wá ń pe ilé iṣẹ́ tó kù. Whitbread, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ilé ìtura àti ilé ọtí, rà á ní 2000.

Àwọn ọ̀gá Vaux tẹ́lẹ̀ kan gba ẹ̀tọ́ Double Maxim, wọ́n sì tún ń pọn ọ́n ní Houghton-le-Spring, nítòsí Sunderland. Ní ti ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà wà, Tesco, ilé iṣẹ́ ìtajà ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rà á, òun àti ìjọba ìlú sì fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Ilé ìjọba ìlú, City Hall, tí wọ́n ṣí ní 2021, wà lára ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀.