Bí ọyẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí amọ̀, ẹní, igi àti òkè l'Ékìtì

Tí Kérésì bá ti ń súnmọ́, àwọn èèyàn á máa wọlé láti Èkó, Àbújá àti òkè òkun, ilé á kún fún ọmọdé, àmọ́ kó tó di ọjọ́ kẹta fóònù ni gbogbo wọn máa gbájú mọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí àsìkò tó dáa tó èyí láti kó wọn jáde, kí wọ́n lọ mọ ìkòkò, kí wọ́n wo ẹni tó ń hun ẹní, kí wọ́n gun òkè, torí òjò ò sí, ọ̀nà oko ti gbẹ, àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà sì ráàyè díẹ̀. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ọyẹ́ ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, ẹni tí ò bá sì mọ̀ ọ́n, ìkòkò rẹ̀ á sán, ohun tó fẹ́ fi hun ẹní á máa kán sí i lọ́wọ́, igi tó fẹ́ gbẹ́ á là.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òtútù ni ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ni. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà míì ó máa ń wọ oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ kan máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, ó gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ orí òkun láti gúúsù ló ń jọba, òun ló ń gbé omi wá. Àwọn méjèèjì ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn láti ọdún dé ọdún, tó bá wá di oṣù kìíní, ti aṣálẹ̀ á ti ti èkejì débi pé gbogbo Èkìtì á bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Eruku tó ń bò wá lójú yẹn náà, púpọ̀ nínú ẹ̀ wá láti ibì kan tó ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan ni nígbà kan, omi yẹn ti gbẹ tipẹ́, eruku funfun tó fúyẹ́ gan-an ló kù síbẹ̀. Òkè Tibesti àti òkè Ennedi ló há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín níbẹ̀, ibi tó bá sì ti há ni afẹ́fẹ́ ti máa ń sáré jù, bó ṣe ń gbé eruku nìyẹn títí tó fi ń dé orí àga wa ní Adó.

Kí ló wá dé tí àárọ̀ fi ń tutù tí ọ̀sán sì ń mú? Ìkùukùu àti ọ̀rinrin ló máa ń ká ooru ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lálẹ́, nígbà tí méjèèjì ò sí, gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á gòkè lọ, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ tútù á sùn sórí ilẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí alẹ́ àti ìdájí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìjì. Tí oòrùn bá wá gbóná, bíi aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ó máa ru afẹ́fẹ́ sókè sódò, èyí tó ń sáré lókè á sọ̀kalẹ̀, ìgbà yẹn ni eruku á bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi aago yìí sọ́kàn, torí gbogbo ohun tá a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, orí ẹ̀ ló dúró lé.

Afẹ́fẹ́ tó ti aṣálẹ̀ bọ̀ kò ní omi nínú, ibi tó bá sì ti rí omi ló máa fà á. Ètè wa ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Amọ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Ìṣàn-Èkìtì ni ìlú ìkòkò, àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ ọ́n láti ìdí dé ẹnu. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, wọ́n á pò ó títí á fi rọ̀. Amọ̀ tútù, omi ló wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì nínú ẹ̀, bí omi yẹn bá ṣe ń jáde ni àwọn ẹyọ náà ń súnmọ́ra, ìkòkò á wá súnkì, á kéré ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n mọ ọ́n. Kò sí aburú nínú ìyẹn tí gbogbo ara ẹ̀ bá ń súnkì pọ̀. Wàhálà wà níbi tí ọyẹ́ bá fa omi ẹ̀yìn ìkòkò tán tí inú ṣì tutù, tàbí tí ẹnu, tó fẹ́lẹ́, ti gbẹ tí ìdí tó nípọn ò tíì gbẹ, apá kan á máa fà, èkejì ò ní tẹ̀ lé e, á sán. Nígbà òjò ìkòkò kì í tètè gbẹ, ní ọyẹ́ ó máa ń yá jù, èmi sì gbà pé yíyá yẹn ló ń ba iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ọ jẹ́ jù lọ, torí inú wọn á dùn pé ó ti le, wọ́n á gbé e sóòrùn.

Kò yẹ kó rí oòrùn rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Inú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀ ni, kí wọ́n fi náílọ́n tàbí aṣọ tó tutù díẹ̀ bò ó, kí wọ́n máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹnu bá sì ti le tó láti dúró, kí wọ́n da ojú ẹ̀ dé kí ìdí náà lè rí atẹ́gùn. Ìkòkò kékeré tí ọmọdé mọ, tó bá fẹ́lẹ́ dáadáa, á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti tán, kí wọ́n gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá ṣì tutù lára, omi ṣì ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan oòrùn.

Sísun ló kù. Gbangba ni wọ́n máa ń to ìkòkò jọ sí, igi, koríko gbígbẹ àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń dáná sí i. Iná náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọra, torí omi tó bá ṣẹ́kù nínú amọ̀ máa di oru bó bá ti dé nǹkan bíi dígírì 100, tí kò bá sì ríbi gbà jáde, ìkòkò á bú gbàmù. Tó bá kọjá ibẹ̀ wọ́n lè kó igi sí i. Amọ̀ tí iná ò tíì mú dáadáa, tó bá bọ́ sómi, á yọ́ padà di amọ̀, àmọ́ tí iná bá ti gbé e kọjá bíi dígírì 600, omi tó lẹ̀ mọ́ ara amọ̀ gan-an ti kúrò, kò lè padà mọ́ láéláé. Béèyàn ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, ojú ló máa fi wò ó, ìkòkò á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú iná. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, ìjì ti lọ sílẹ̀, iná ò ní máa jó ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì, ilẹ̀ tó ń ṣú sì máa jẹ́ kí pípọ́n yẹn hàn. Kí wọ́n ro àyíká ibẹ̀ mọ́ títí a ó fi rí ilẹ̀ pupa, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà nítòsí, torí ewé gbígbẹ kan ṣoṣo tó bá fò lọ lásìkò yìí lè jó oko kòkó odidi.

Ẹní hùnhun yàtọ̀. Ògòtún-Èkìtì lorúkọ ẹ̀ ti jáde nídìí ẹní. Okùn igi tàbí ti ewéko máa ń gba ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ yóò dá omi yẹn padà, okùn á wá gbẹ pátápátá, á sì máa kán. Àárọ̀ ni kí ọmọdé fi kọ́ ọ, nígbà tí tútù ìdájí ò tíì kúrò, kí abọ́ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n máa fi rin ín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni igi. Orí igi tútù tí wọ́n bá gé ló máa ń kọ́kọ́ là, torí ibẹ̀ ni ojú àwọn ihò tó ń gbé omi lọ nínú igi ṣí sí, nítorí náà kí wọ́n fi náílọ́n we orí méjèèjì, kí wọ́n gbé e sí ibòòji. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ Èkìtì ní iṣẹ́ ọnà igi kó má sọ fún un nípa Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó lọ ń gbẹ́ igi fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, tó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní London ní 1924, àwọn British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní London, rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe níbẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ló wà di òní. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkẹ́rẹ́ mọ èyí.

Ní ti ìrìn, Ìkọ̀gòsì ni kí wọ́n dé láàárọ̀ kùtù. Omi tó gbóná níbẹ̀ jẹ́ omi òjò tó ti gba ojú ibi tí òkúta ti sán wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ sì ń gbóná sí i béèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ó wá gbóná níbẹ̀ kó tó tún ya jáde. Nǹkan bíi dígírì 37 tàbí 38 ni omi ibi ìwẹ̀, kò yí padà lọ́yẹ́ tàbí lójò, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ bá kan oru tó ń jáde látara ẹ̀, oru náà á padà di omi wínníwínní, èèyàn á rí èéfín funfun lórí omi. Tó bá di ọ̀sán kò ní hàn mọ́. Arinta, omi tó ń já bọ́ láti orí òkúta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, ní tiẹ̀ sàn nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, torí omi ẹ̀ máa ń dín kù báyìí. Òkè Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́ á rọrùn láti gùn nígbà tí òkúta ò yọ̀, ṣùgbọ́n ibi mímọ́ ni fún àwọn ará ìlú, kí wọ́n gbàṣẹ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, eruku sì lè má jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ tó bá le.

Kí wọ́n máa wòkè náà. Lékeléke ti dé, èyí tí ọmọdé ń na èékánná sí, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù wà lókè, níbi tí wọ́n bá ti ń sun igbó àwòdì á máa yí po kó lè gbé tata tó ń sá fún iná. Igi àràbà á ti wọ ewé dànù. Àgbálùmọ̀ náà á ti wà lọ́jà, ìyẹn ò nílò àlàyé.

Àwọn ọmọ tó bá mọ ìkòkò ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ọ̀pọ̀ wọn á ti padà sí Èkó kó tó gbẹ, nítorí náà kí ẹgbẹ́ àdúgbò ti yan ẹni tó ń gbélé tó máa bá wọn ṣọ́ ọ títí wọ́n á fi sun ún, kí wọ́n tó rán an lọ́wọ́ dírẹ́bà. Kí wọ́n sì fi ìṣó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìdí ìkòkò tiẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, torí tí wọ́n bá ti inú iná jáde gbogbo wọn á jọra.