Bí èdè ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ní Abuja

Èdè tó wà ní Nàìjíríà lé ní 500, kò sì sí èyí tí kò lè dé Abuja. Síbẹ̀, èèyàn kì í pẹ́ mọ èyí tó yẹ ní ibi tó bá wà.

Gẹ̀ẹ́sì ló ni ọ́fíìsì. Abala 55 nínú ìwé òfin 1999 gbà kí àwọn aṣòfin fi Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá kún un bí ètò bá ti wà nílẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń sọ.

Ọjà ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìyá tó fẹ́ ra tòmátì ní Wuse á kọ́kọ́ béèrè pé, "Nawa ne?" Mọ́là á dá a lóhùn ní Haúsá. Bí ìdúnàádúrà bá le, tí Haúsá ìyá sì tán, àwọn méjèèjì á bọ́ sórí pijin. Bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá wà ní ìsọ̀ kejì, kò ní pẹ́ tí á fi kí i pé, "Ẹ kú ọjà o, Màmá," Yorùbá sì dé nìyẹn.

Kí ló gbé Haúsá dé ipò yìí? Àwọn oníṣòwò ti ń sọ ọ́ káàkiri kí Òyìnbó tó dé. Nígbà tí Òyìnbó dé, òun náà fi ṣe ìjọba ní Àríwá, ó fi í darí ọmọ ogun, rédíò sì tẹ̀ lé e: BBC ti ń fi Haúsá sọ̀rọ̀ láti 1957. Ìdí nìyí tí ọmọ Bẹ̀rọ́m láti Plateau àti ọmọ Nupe fi lè pàdé, kí Haúsá jẹ́ èdè wọn, láìsí ọmọ Haúsá kankan láàárín wọn.

Èyí tó ń dùn mí ni ti ẹ̀yà Gbagyi, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ yìí kí òfin 1976 tó sọ ọ́ di olú-ìlú. Àlejò kì í kọ́ èdè wọn, nítorí kò sí ohun tí yóò fi rà. Àwọn ló ń kọ́ ti àlejò kí iṣu àti igi ìdáná wọn lè tà. Ìjọba kó ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní Wuse àti Maitama lọ sí Kubwa, gbogbo ayé sì wá bá wọn níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń bá ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá ṣeré lójúde kò ní fi Gbagyi bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é ní Gbagyi, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá ni yóò fi jẹ́ ẹ.