Ọ́síjìn kì í di bárakú

Bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ bàbá mi á ti dé imú. Wọ́n á fa rọ́bà ọ́síjìn yọ, wọ́n á kì í bọ ẹ̀yìn ìrọ̀rí, wọ́n á wá jókòó bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Àlejò á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa fi gbólóhùn kéékèèké dáhùn. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n ni mò ń wo ẹ̀rọ kékeré tó há wọn níka, tó ń fi iye sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú 100: 93 kí àlejò tó wọlé, 89 nígbà tí wọ́n kí ara wọn tán, 84 kí àlejò tó dìde. Ètè wọn á ti ṣú. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Mi ò fẹ́ kó di bárakú sí mi lára. Ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá ń bá ṣiṣẹ́, ṣé kò ní ya ọ̀lẹ ni?"

Ìbẹ̀rù yìí wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ mú kí wọ́n máa lo ọ́síjìn nílé. Àwọn ẹbí náà á tún máa dá sí i: ẹ rọra lò ó, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí ara bá le. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa aláìsàn lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí bárakú jẹ́. Sìgá, ara tí kò mọ̀ ọ́n rí la fi kọ́, títí ara fi wá ń bèèrè rẹ̀. Ọ́síjìn ò rí bẹ́ẹ̀. Láti igbe àkọ́kọ́ tí ọmọ ké ni ara ti ń lò ó, ara ò sì lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 ló jẹ́ ọ́síjìn. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lo lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ohun tó ń mí símú jẹ́ nǹkan bí ìdá 28. Ohun kan náà tí àlejò rẹ̀ ń mí lòun náà ń mí, wọ́n kàn bu díẹ̀ kún tirẹ̀ ni, nítorí pé ọ̀nà tí ọ́síjìn ń gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Yíya ọ̀lẹ wá ńkọ́? Iṣẹ́ àyà ni kó fa afẹ́fẹ́ wọlé, kó sì tì í jáde. Rọ́bà imú ò bá a ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ gbé ẹnu rọ́bà náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ẹ ó rí i pé ó rọra ń fẹ́ ni, kò lágbára tó lè wú ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Aláìsàn náà ló ṣì ń mí fúnra rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Àwọn àpò wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró tí ògiri wọn ti jẹ ni kò rí ọ́síjìn gbà tó mọ́. Kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ ohun tó mú kí ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó fi lítà 1 bẹ̀rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní lítà 2 tó bá yá. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà láìsí rọ́bà. Ní báyìí, kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ ọ́síjìn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àìsàn náà ò dúró lójú kan láti ìgbà yẹn. Bó ṣe ń jẹ lọ ni ara ń nílò ọ́síjìn sí i, yálà ẹ̀rọ wà nílé tàbí kò sí. Ohun kan tún wà tó fara sin: ara tí ọ́síjìn ń dín nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ń mọ́ra, kì í pariwo. Ìgbà tí ẹni náà bá ti lo ẹ̀rọ, tó tún rántí bí ara tó balẹ̀ ṣe ń rí, ló máa wá mọ ìyàtọ̀ tó bá yọ ọ́. Ìnira yẹn ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé.

Bí ara ò tilẹ̀ pariwo, ọkàn ló ń ru ẹrù náà. Tí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀; apá ọ̀tún ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ á máa fi agídí tì í títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kíndìnrín á ránṣẹ́ pé kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á wá ki.

Lọ́dún 1981, èsì ìwádìí kan jáde ní Bìrìtéènì lórí aláìsàn 87. Àwọn 42 lo ọ́síjìn fún ó kéré tán wákàtí 15 lójúmọ́, àwọn 45 kò lò ó. Kí ọdún 5 tó pé, 19 ti kú nínú àwọn tó lò ó. Nínú àwọn tí kò lò ó, 30. Lọ́dún 1980, ìwádìí ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ti fi àwọn tó ń lò ó lóru nìkan wé àwọn tó ń lò ó tọ̀sán-tòru: ikú láàárín àwọn olóru nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń tẹnu mọ́ wákàtí 15. Ẹni tó ń yọ ọ́ torí àlejò, torí oúnjẹ, torí kó má baà tán, kó ka wákàtí rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń lo iná kì í tilẹ̀ tán: inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti ń sẹ́ naitirójìn, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, kúrò, kí ọ́síjìn lè ṣẹ́kù. Sìlíńdà ló ń tán, òun la ń fi pamọ́ de ìgbà tí iná bá lọ.

Kì í wá ṣe gbogbo ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ọ́síjìn wà fún. Lọ́dún 2016, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 738 tí ọ́síjìn wọn ò lọ sílẹ̀ púpọ̀ fi hàn pé kò fi kún ẹ̀mí wọn. Oògùn ni, ó sì ní ìwọ̀n. Ewu mìíràn ni ti ẹni tó ń yí kọ́ọ̀bù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń yí ìwọ̀n ọ́síjìn lára ẹ̀rọ, sókè nígbàkígbà tí èémí bá há. Lára àwọn kan tó ní àìsàn yìí, ọ́síjìn tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó yẹ kí wọ́n mí jáde kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Orí á máa fọ́ wọn láàárọ̀, oorun á máa kùn wọ́n lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé 88 sí 92 lójú ẹ̀rọ ìka ni dókítà máa ń fẹ́ fún irú wọn. Tí èémí bá há, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ pọn ètè bí ẹni tó ń fọn fèrè, kí ẹ rọra mí jáde. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ pe dókítà, ẹ má fọwọ́ kan kọ́ọ̀bù.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní ohun kan láti fi sọ́kàn nípa ẹ̀rọ ìka náà. Ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 rí i pé ó máa ń gbójú fo àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Tí nọ́ńbà bá dára tí ara ò sì dára, ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìnira tó kù ò kéré, ṣùgbọ́n ó ṣe é bá gbé. Etí á bó, ẹ fi òwú tẹ́ ibẹ̀. Imú á gbẹ, ẹ lo ìpara olómi, kì í ṣe olóróró. Sìgá àti iná tó ń jó ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Mo kọ nọ́ńbà bàbá mi sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà tí wọ́n wọ rọ́bà àti ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, mo sì gbé e fún wọn. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò wọn kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ wọn dé imú bó ṣe máa ń ṣe. Rọ́bà tó yẹ̀ létí ni wọ́n tún ṣe, wọ́n ní, "Wọlé."