Sójà tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlà pẹ́ńṣàn wà

Àsìkò Kérésì àti Iléyá ni àwọn ológun ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń wálé jù, ìgbà náà sì ni ìbéèrè kan máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ èmi tí mò ń bá èèyàn ṣètò owó: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, àbí kí n ṣì máa fara dà á?" Àwọn kan ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní iléeṣẹ́ kan l'Ékòó tí wọ́n ní owó rẹ̀ jọjú. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ bàbá àwọn wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, adìyẹ ni wọ́n fẹ́ sìn níbẹ̀. Ti àwọn tó ń bọ̀ láti Borno tàbí Zamfara kò nílò àlàyé, ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Lọ́dún 2020, sójà 356 ló kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti sú àwọn. Àwọn kan tiẹ̀ tún wà tó ní oyè ìlú ni àwọn fẹ́ lọ jẹ.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àárẹ̀. Ẹni tó wà lójú ogun ló mọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀, mi ò sì mọ iye náírà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rù tàbí omijé ìyàwó tí kò rí ọkọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ tèmi ni owó. Tó bá sì jẹ́ owó là ń sọ, ọ̀pọ̀ ló ń gba ibi tí kò yẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Wọ́n á gbé owó oṣù ológun sí apá kan, wọ́n á gbé owó iṣẹ́ tuntun sí apá kejì, èyí tó bá ga ni wọ́n á tẹ̀lé. Ohun tí èmi kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: ọdún mélòó ló kù kí ẹ kan ìlà pẹ́ńṣàn, ìyẹn iye ọdún iṣẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ lò kí pẹ́ńṣàn tó tọ́ sí i?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá aládàáni ní àpò pẹ́ńṣàn tó jẹ́ tirẹ̀. Lóṣooṣù, wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ síbẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un, ibikíbi tó bá sì lọ, àpò náà ń tẹ̀lé e. Ológun kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2004 kó wọn pọ̀ mọ́ ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ wọ́n kúrò lọ́dún 2011, òfin tuntun ọdún 2014 sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń san tiwọn, Military Pensions Board ló sì ń bójú tó o. Èyí dára fún ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, nítorí wọn kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún un. Àmọ́ kò sí àpò kankan tí ẹni tó bá tètè lọ lè gbé dání.

Ìlà méjì ló wà nínú ọdún iṣẹ́ ológun. Ẹni tó bá kan ìkíní á gba grátúítì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni tó bá kan ìkejì á gba grátúítì, á sì máa gba pẹ́ńṣàn lóṣooṣù títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìlà kejì, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá fi kún un ń gbé ìdá tí wọ́n fi ń ṣírò owó náà ga sí i, ipò tó bá wà lọ́jọ́ tó ń lọ sì ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà fún ìgbéga pé kó má tíì kọ̀wé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí, kí kálukú fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká ní ó ku ọdún méjì kí sójà kan kan ìlà kejì. Ká ní iṣẹ́ tó rí níta á fi ₦100,000 lé ohun tó ń gbà lóṣù. Tó bá lọ lónìí, àfikún tó máa rí láàárín ọdún méjì yẹn jẹ́ ₦2,400,000. Ká wá ní pẹ́ńṣàn tí ì bá gbà tó bá dúró kò ju ₦40,000 lọ lóṣù. Láàárín ọdún 25, ìyẹn jẹ́ ₦12,000,000. Ẹnì kan á ní àfikún iṣẹ́ ìta kò ní dúró lẹ́yìn ọdún méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró kan ìlà lè lọ wá iṣẹ́ ìta lẹ́yìn náà, kó sì máa gba méjèèjì pọ̀. Ẹlòmíràn á ní náírà ọdún 25 sí i kò lè jọ náírà òní. Òótọ́ tún ni, pàápàá fún àwa tí a rí ọ̀wọ́ngógó ọdún 2024, tó lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ pín mílíọ̀nù méjìlá náà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ da ìdá méjì nù. Mílíọ̀nù mẹ́rin ló kù, ó ṣì ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ lọ.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní ó ku ọdún mẹ́wàá kí sójà náà kan ìlà. Àfikún ₦100,000 lóṣù fún ọdún mẹ́wàá jẹ́ ₦12,000,000, owó yìí á sì dé nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nílé ìwé. Pẹ́ńṣàn tó máa pàdánù kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin lójú ọjà òní, torí ó di ọdún mẹ́wàá sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ yẹn, tí iṣẹ́ gidi wà nílẹ̀ tí kì í ṣe ìlérí ẹnu, kó máa lọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ilé kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Lójú tiwọn, iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀.

Àwọn àgbà yìí kan náà máa ń gbàgbé pé iṣẹ́ ológun lè fi èèyàn sílẹ̀ kí èèyàn tó fi í sílẹ̀. Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Black Scorpion nígbà ogun abẹ́lé, ẹni ọdún 38 ni nígbà tí wọ́n ní kó lọ fẹ̀yìntì lọ́dún 1974.

Ṣé pẹ́ńṣàn náà ń dé déédé? Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní abala 173, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún pẹ́ńṣàn gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000 tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, wọ́n fọwọ́ sí àfikún ₦32,000 lóṣù fún àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn lábẹ́ ètò àtijọ́ yìí. Ẹ má fi ọkàn balẹ̀ jù o. Àfikún yìí wà lára ohun tí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì tìtorí rẹ̀ lọ dí ẹnu ọ̀nà Iléeṣẹ́ Ìṣúná l'Abuja. Owó náà ń wá, kì í kàn í fìgbà gbogbo bọ́ sí àsìkò tí a fi í sí. Nítorí náà, ẹni tó bá máa lọ gbọ́dọ̀ ti ní oúnjẹ oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, nílẹ̀ kí grátúítì tó yọjú. Ẹni tó bá ti ń jẹ gbèsè grátúítì kó tó gbà á, wàhálà ló ń lọ bá.

Owó oṣù fúnra rẹ̀ tún ń tan èèyàn jẹ lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni àjẹmọ́nú ojú ogun. Sójà tó ti wà ní àríwá ìlà-oòrùn fún ọdún mẹ́ta á ti máa ka owó ìjà mọ́ owó oṣù, á ti fi yá lóònù, á ti fi san owó ilé ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà sí báráàkì, owó náà dópin, wọn kì í sì í kà á mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò pẹ́ńṣàn. Owó tó ń gbà láìsí ti ojú ogun ni kó gbé síwájú nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò yìí.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí iléeṣẹ́ ológun ń san tí kì í gba ọwọ́ sójà kọjá. Yàrá báráàkì. Ilé ìwé àwọn ọmọ ológun. Ìtọ́jú ìlera lábẹ́ ètò adójútòfò, tó kan òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé 18. Ìyàwó ilé ló máa ń mọ iye tí nǹkan wọ̀nyí tó, torí náà mo máa ń ní kí wọ́n jọ jókòó kọ ọ́. Ìyàwó kan wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, owó ilé ìwòsàn ọmọ yìí nìkan ti jẹ àfikún tí wọ́n fẹ́ fún un l'Ékòó." Ọkọ kò sọ̀rọ̀.

"Ilé ẹbí wà, mi ò ní san owó ilé." Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu wọn, òun ló sì máa ń náni lówó jù. Yàrá wà nínú agbolé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òrùlé iwájú ti ń jò, ìwọ tó o ń ti iṣẹ́ ìjọba bọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ìsìnkú bàbá àgbà tí wọ́n ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì yóò wá bọ́ sí oṣù tí grátúítì dé, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé kò mọ̀ pé owó ti dé. Mi ò ní kéèyàn sá fún ẹbí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni kí wọ́n dá iye tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí sọ́tọ̀ kí owó tó wọlé, ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ìyàwó mọ̀ ọ́n, kí èyí tó kù sì wà níbi tí káàdì ATM kò lè fọwọ́ kàn án. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, tí wọ́n ń pè ní treasury bills, ṣeé rà ní bánkì, ó sì ń jẹ́ kéèyàn lè sọ láìparọ́ pé owó kò sí lọ́wọ́.

Ní ti òwò, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn fẹ́ kọ́. Ẹ rìn dé Under G, ládùúgbò LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wo iye ilé tó wà níbẹ̀. Ó ń mówó wọlé nígbà tí LAUTECH bá ń ṣiṣẹ́. Ní 2016 sí 2017 tí yunifásítì náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sẹ́ni tó san owó yàrá tí kò gbé. Ẹni tó ní pẹ́ńṣàn lè fara da irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tó kó gbogbo grátúítì rẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù kò lè fara dà á. Ti adìyẹ, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí oúnjẹ adìyẹ jẹ́ báyìí ní ọjà. Ẹni tí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ bá pé, tó sì ní ànfààní láti lọ NAFRC, ibùdó tí wọ́n ti ń múra ológun sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì ní Oṣòdì, kó má fi tàfàlà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ kéèyàn tó jáde.

Àwọn tó máa ń ní kéèyàn gbé owó wá kí ó di ìlọ́po méjì lóṣù kan, mi ò ní pẹ́ lórí tiwọn. CBEX, ọ̀kan lára irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí ayélujára, ṣubú ní April 2025, àwọn èèyàn ń ru àga jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìbàdàn.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni lẹ ń lọ ṣe, ẹ má wo owó oṣù nìkan. Tí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 15, òfin ní kí wọ́n máa san ìdá 10 pẹ́ńṣàn yẹn, kí wọ́n sì ra adójútòfò ẹ̀mí tó tó owó oṣù ọdún mẹ́ta fún òṣìṣẹ́. Ẹ béèrè méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Iléeṣẹ́ tó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ béèrè, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Ìpinnu yòówù kí ẹ ṣe, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà jáde. Sójà tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè dé iwájú ilé ẹjọ́ ológun, ẹni tí wọ́n bá sì lé dànù ń pàdánù grátúítì àti pẹ́ńṣàn pọ̀, ọdún yòówù tó ti lò. Ẹ kọ̀wé, ẹ dúró gba èsì. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ san lóònù bánkì tán tàbí kí ẹ mọ iye tó kù, nítorí wọ́n á wá a dé inú grátúítì. Ẹ lọ wo orúkọ tó wà nínú fáìlì yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa jogún. Mo ti rí àwọn tí orúkọ ìyá wọn tó ti kú ṣì wà níbẹ̀, tí ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta kò sí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga kọ̀ọ̀kan, àti ìwé tí wọ́n bá fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn ní méjì-méjì, kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe báráàkì.